Ta ló wà níbẹ̀? Àríwísí lórí àṣẹ who àti àwọn àbúrò rẹ̀

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí kì í ṣe ìwé ìtàn àròsọ, kì í sì í ṣe ewì. Àṣẹ kọ̀ǹpútà kan ni, lẹ́tà mẹ́ta péré: who. Àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ mọ àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ náà lásìkò yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe àríwísí ìwé tó nípọn ju búlọ́ọ̀kù lọ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó ti àṣẹ yìí.

Ọ̀kan nínú yín ló kó mi sí i. Ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Iléṣà, ó sì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Prof, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi Yorùbá pe àwọn àkọlé tó máa ń jáde tí a bá tẹ w. Àwọn ọmọ kàn ń há a sórí ni, wọn ò mọ ohun tó ń sọ." Mo rò pé iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì tún hú ọ̀rọ̀ kan jáde tí mo rò pé mo ti sin.

Fún ẹni tí kò bá rí i rí: àbúrò who ni w. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á to orúkọ sójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan fún ìwọlé kan. Àwọn àkọlé tó wà lókè ìlà náà ni USER, TTY, FROM, LOGIN@, IDLE àti WHAT, pẹ̀lú méjì kan tó ń ka àsìkò tí iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, tí mo máa fò. Àbúrò mìíràn ni last. Ìyẹn kì í ka àwọn tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí nìkan. Ó ń ka àwọn tó ti wá tí wọ́n sì ti lọ, ìgbà tí wọ́n dé àti ìgbà tí wọ́n kúrò. Kò sí ọ̀ṣọ́ kankan lára wọn, kò sí àwòrán, kò sí àwọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìjọba rí á mọ iyì ìlà kan tó sọ ohun tó fẹ́ sọ tó sì dákẹ́.

who kì í ṣe ọmọ àná. Ó wà nínú ìwé ìlànà Unix àkọ́kọ́, tí déètì ara rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ọdún 1971, láti Bell Labs ní New Jersey, níbi tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ti ṣe Unix. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà gbówó lórí gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pín ẹ̀rọ kan ṣoṣo lò, bí a ṣe ń pín ẹ̀rọ omi àdúgbò lò: tí omi kò bá já dáadáa mọ́, o ní láti mọ ẹni tó tún ṣí tirẹ̀. Ẹni tó bá sì tẹ who nínú ilé iṣẹ́ yẹn, orúkọ tó bá rí, ó mọ ẹni tó ni ín. Ken ni ken, Dennis ni dmr. Ó lè dìde lọ sí yàrá kejì kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe tí ẹ̀rọ fi ń fà báyìí. Ìbéèrè ará ilé ni. Lójú tèmi, irú ibẹ̀ nìkan ni ìbéèrè náà àti ìdáhùn rẹ̀ ti bára mu.

Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti di ìbéèrè ará ìlú. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ICTP, ilé ẹ̀kọ́ físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì, ran Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́wọ́ láti gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kalẹ̀, àwa olùkọ́ tí a wà ní agbègbè yìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé ènìyàn lè kọ lẹ́tà sí Amẹ́ríkà lówùúrọ̀ kí èsì dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tò níwájú kọ̀ǹpútà láyé ìgbà yẹn, níbikíbi tí ẹ wà, ẹ máa rántí bí a ṣe ń ṣe é: àkáǹtì kan, ènìyàn mẹ́rin. Ọ̀gá ló ni orúkọ, akọ̀wé ọ̀gá ló ń tẹ̀ ẹ́, ọmọ ọ̀gá ń bá wọn kà á, ẹnì kan tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ sí ìyàwó rẹ̀ ní London náà á sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun fi ìlà méjì kún un. Tí ẹ bá tẹ who lásìkò yẹn, orúkọ ọ̀gá lẹ máa rí. Ọ̀gá ti lọ jẹ iyán.

Ẹ jẹ́ ká wo orúkọ àṣẹ náà bí onímọ̀ èdè. Ní Yorùbá àjùmọ̀lò, ta la fi ń bèèrè ènìyàn. Yèsí làwọn Ìjẹ̀ṣà ń lò. Tí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn, tí ẹ bi í pé "Ta nìyẹn?", tó dáhùn pé "Èmi ni", ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn fúnra rẹ̀ kò dáhùn nǹkan kan. Gbogbo ayé ló ń jẹ́ èmi. Ohùn ló dáhùn. Ohùn lẹ dá mọ̀ tí ẹ fi ṣílẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ohùn. Ọ̀rọ̀ aṣínà ló gbà, orúkọ tí ọ̀rọ̀ aṣínà náà bá bá mu ló sì kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí who ń dáhùn kì í ṣe "Ta ló wà níbẹ̀?" Ohun tó ń dáhùn ni "Orúkọ wo la fi ṣílẹ̀kùn?" Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹni tó sì sọ àṣẹ náà lórúkọ fi àkọ́kọ́ pè é.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tún wà ńbẹ̀. Mo fi èyí kọ́ yín nígbà tí a ń ṣe ibá ìṣẹ̀lẹ̀, ẹ̀yin kan sì ń sùn: "Olú wọlé" kò ní dandan pé Olú wà nílé. who kì í lọ wo yàrá. Fáìlì kan wà tó ń jẹ́ utmp. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kọ ọ́ sí pé orúkọ báyìí wọlé ní aago báyìí, tí olúwarẹ̀ bá sì jáde, á fi hàn níbẹ̀ pé ó ti jáde. who kàn ń ka fáìlì náà sí wa létí ni. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá bi mẹ́gàádì pé àwọn wo ló wà nínú ọgbà, tó ṣí ìwé tó fi ń kọ orúkọ àwọn àlejò, tó kà á fún yín, tí kò yí ọrùn wo ẹ̀yìn rárá. Níbi tí iná kì í ti í lọ, ìyàtọ̀ yìí kéré. Ní Òṣogbo níbí, tí iná bá lọ nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà lọ́nà jíjìn, èmi ti wà nínú òkùnkùn, mo ti ń ráwọ́ wá tọ́ọ̀ṣì, orúkọ mi sì wà lórí ẹ̀rọ ọ̀hún, ó jókòó pa, títí ẹ̀rọ fi máa fura pé kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Ẹ wo bí last ṣe ń sọ irú èyí. Ẹni tí kò tíì jáde, á kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé "still logged in". Ṣùgbọ́n tó bá rí i pé ẹnì kan ò sí níbẹ̀ mọ́, tí kò sì sí àkọsílẹ̀ pé ó jáde, ohun tó ń kọ ni "gone - no logout". Mo túmọ̀ èyí kí n tó túmọ̀ ohunkóhun mìíràn: ó ti lọ, kò dágbére. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìdílé àṣẹ yìí, òun ló dára jù lójú mi, nítorí pé ó sọ ohun tó mọ̀, ó sì sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí.

Ti iye ńkọ́? Tí ẹ bá tẹ who -q, á to orúkọ sílẹ̀, á sì sọ iye aṣàmúlò tó wà. Àmọ́ ìwọlé ló ń kà, kì í ṣe ènìyàn. Tí èmi nìkan bá ṣí fèrèsé mẹ́rin láti orí tábìlì mi, á kọ orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹrin, á ní aṣàmúlò mẹ́rin ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá Òṣogbo, èyí kò lè yà yín lẹ́nu. "Wọ́n wà nílé": bàbá kan ṣoṣo lè ni, wọ́n sì lè tó ogún. Ọ̀pọ̀ la fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àtijọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ka èdè tiwọn. Ẹyọ ni wọ́n ń pe ẹyọ, ì báà jẹ́ bàbá wọn, ìṣe ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀. (Ìdí nìyẹn tí àwọn kan láti apá Ọ̀yọ́ fi máa ń sọ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò mọ àgbà. Irọ́ gbáà ni, gírámà lásán ni.) Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí who jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ iye. Ó lọ di ará Òṣogbo láìmọ̀.

Lórí Windows, irinṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ PsLoggedOn, tí Mark Russinovich kọ, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ Sysinternals tí Microsoft rà ní 2006. Òun náà ń ka àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ, tó fi mọ́ àwọn tó gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọlé. Àlàyé tó bá a wá sọ nǹkan kan tí mo fẹ́ràn: tí ẹ bá fi bi kọ̀ǹpútà mìíràn léèrè àwọn tó wà lórí rẹ̀, ẹ máa bá orúkọ ara yín nínú ìdáhùn, nítorí pé ẹ ní láti wọlé síbẹ̀ kí ẹ tó lè bèèrè. Ẹni tó yọjú wo inú ilé ti di ara àwọn tó wà nínú ilé. Ó sọ ọ́ fún yín tẹ́lẹ̀, kò fi pamọ́.

Àkọlé tó fún mi ní wàhálà jù ni IDLE. Ìwé atúmọ̀ èdè á sọ fún yín pé ọ̀lẹ, tàbí aláìníṣẹ́, tàbí ẹni tó jókòó lásán. Ohun tí ẹ̀rọ mọ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń wo iye àsìkò tó ti kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ nǹkan kẹ́yìn lórí tẹ́mínà yẹn ni. Ẹni tó ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, IDLE ni. Ẹni tó ń ronú, IDLE. Ẹni tó ń hanrun, IDLE. who -u tún wá ṣe tiẹ̀: tí ẹ bá tẹ nǹkan láàárín ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, á fi àmì ìdánudúró kan síbẹ̀; tí ẹ bá ti lò ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ láìtẹ nǹkan kan, á kọ old. Ẹ gbọ́ o. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, wákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n fi ń sọ ọmọdé di irú mi.

Ìjẹ̀ṣà ni mo fẹ́ fi dá òpó yìí lóhùn. Ẹ mọ Òṣómàáló. Àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìjẹ̀ṣà ni, tí wọ́n ń kó aṣọ lọ sí ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Tí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè kò sì sanwó, bàbá á lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, á ní lóòṣó lòun máa wà títí òun á fi gbowó òun. Ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá. J. D. Y. Peel kọ nípa wọn nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí Ìjẹ̀ṣà tó jáde ní 1983, ẹni tí kò bá sì kà á, kó lọ bi bàbá bàbá rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí w lọ ka Òṣómàáló. FROM: Iléṣà. LOGIN@: aago mẹ́fà àárọ̀. IDLE: wákàtí márùn-ún. Kò tẹ nǹkan kan, kò gbéra, bóyá ni ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni? Ìlóṣòó yẹn gan-an niṣẹ́, onígbèsè tó ń ti inú fèrèsé yọjú sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọ̀gá tó bá fi òpó IDLE díwọ̀n òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó ń fi ìka lu bọ́tìnnì lásán ló máa gbé ga, á sì lé Òṣómàáló dànù.

Ẹnì kan gbìyànjú láti tún who ṣe. Les Earnest, ní Stanford, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, rí i pé àwọn ènìyàn máa ń fi ìka tọ ìlà orúkọ tí àṣẹ WHO tiwọn tẹ̀ jáde, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n mọ̀. Ó kọ àṣẹ tuntun, ó sì pè é ní finger nítorí ìka yẹn. Ó ń sọ orúkọ ènìyàn ní kíkún, kì í ṣe ìnagijẹ inú ẹ̀rọ nìkan. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé olúkúlùkù lè ní fáìlì kan tó ń jẹ́ .plan, tó lè kọ ọ̀rọ̀ sí: mo lọ síbi ìsìnkú, mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ibẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń kà ti lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kà á. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1988, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí Robert Morris tú sílẹ̀ gba ojú ihò kan lára ẹ̀yà finger tó ń dáhùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn alábòójútó ń tì í pa níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ jù fún àlejò. Òótọ́ ni, ó ń sọ̀rọ̀ jù. who ló ṣẹ́ kù fún wa, tí kì í sọ̀rọ̀ tó.

Kí a má fi àbùkù nìkan kàn án, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ mọ̀ pé orúkọ àti ènìyàn lè yàtọ̀. Àṣẹ méjì wà tí ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè yà sọ́tọ̀: who am i, tí àyè wà láàárín rẹ̀, àti whoami, tí kò ní àyè. Tí mo bá fi orúkọ mi wọlé, tí mo wá fi su di root, tí í ṣe ọba gbogbo ẹ̀rọ, who am i á pe orúkọ tí mo fi gba ẹnu ọ̀nà wọlé, whoami á pe root. Ẹ rántí egúngún. Orúkọ agọ̀ ni gbogbo wa ń pè lójú agbo. Ẹni tó wọ inú rẹ̀, àwọn tó wà ní ìgbàlẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọn kì í sì í pè é níta. whoami ń pe agọ̀. Ó ku ẹni tó máa mọ èyí tí òun ń bèèrè.

Àwa kò mọ̀ ọ́n. Ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo ní mo ti sin ti jáde nìyí.

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ, ní ọdún mélòó kan kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹnì kan wọ inú kọ̀ǹpútà lóru, ó sì yí máàkì kọ́ọ̀sì kan padà. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún. Mo wà nínú rẹ̀, mo sì jẹ́ àgbà nínú wọn. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé wá ni ìwé ojú méjì tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú last. Ìlà kan wà níbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjìlá òru ku ogún ìṣẹ́jú, orúkọ iwájú rẹ̀ sì ni oluwafun. Òṣìṣẹ́ obìnrin kan wà ní ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ìdánwò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyẹn. A pè é. Ó ní ilé lòun wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ara ọmọ òun kò yá. Ẹnì kan nínú wa na ìwé sí i, ó ní, "Ṣé orúkọ tìẹ kọ́ nìyí?" Ó wò ó dáadáa, ó ní, "Orúkọ mi ni, sà, ṣùgbọ́n èmi kọ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ó ń ta kókó ọ̀rọ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tako ara wọn. Èmi, tí mo ti fi ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kọ́ ènìyàn nípa ìtumọ̀ gbólóhùn. Gbólóhùn yẹn kò tako ara rẹ̀ rárá. Ó péye ju gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ojú méjì náà lọ.

Ohun tí a kò bèèrè nìyí. last, bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, máa ń gé orúkọ sí lẹ́tà mẹ́jọ. W náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ken àti dmr, lẹ́tà mẹ́jọ ti pọ̀ jù. Ẹ wá gé orúkọ wa sí mẹ́jọ. Olúwafúnmiláyọ̀, oluwafun. Olúwafúnmilọ́lá, oluwafun. Olúwafúnmikẹ́, oluwafun. Olúwa fún: ó fún ta, ó fún un ní kí ni? Gbogbo ohun tó ya ọmọ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì wà lẹ́yìn lẹ́tà kẹjọ. Ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ gba àmì ohùn àti àmì abẹ́ kúrò lára orúkọ náà, nítorí pé orúkọ àkáǹtì kì í sábà gbà wọ́n, ó sì wá gé ìdí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí onímọ̀ èdè Yorùbá wà nínú rẹ̀ jókòó ti gbólóhùn tí kò parí fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bèèrè ìyókù. Òpó FROM wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti wọlé. Kò sẹ́ni tó bèèrè pé yàrá wo ni nọ́ńbà náà wà.

A dábàá pé kí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà láìgba owó. Mo fọwọ́ sí i. Ní oṣù kejì, mo lọ sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, mo sì bá a níbi tó ti ń ta ata lórí àtẹ ẹlòmíràn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, "Ẹ káàsán sà." Mo ra ata tí n kò fẹ́ rà. N kò gba ṣéńjì.

Ní oṣù kẹrin ni ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ẹ̀rọ, nígbà tó ń wá nǹkan mìíràn, tẹ last pẹ̀lú -w, tó ń jẹ́ kó kọ orúkọ ní kíkún. Orúkọ tó jáde ní ìlà òru ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti obìnrin náà. Ti ẹlòmíràn ni, ní ẹ̀ka mìíràn, tí òun náà ń jẹ́ Olúwafún àti nǹkan mìíràn. Bóyá ẹni yẹn gan-an ló wà nídìí ẹ̀rọ lóru ọjọ́ náà, n kò lè sọ, ìwé kò sì lè sọ. Ìgbìmọ̀ mìíràn ló gbọ́ tiẹ̀, mo sì kọ̀ láti wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ lẹ́tà sí obìnrin àkọ́kọ́ pé kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo rí lẹ́tà náà. Ìlà mẹ́ta ni, kò sí "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú" nínú rẹ̀. Mo lọ sí ilé rẹ̀ fúnra mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Ohun tí mo sọ fún un kì í ṣe ti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ wa ní Iléṣà ní kí n fi Yorùbá pe USER, n kò lè kọ "aṣàmúlò" kí n sùn. Bí àwọn ọmọ yẹn bá dàgbà, àwọn ni wọ́n máa tẹ ìwé jáde fún ìgbìmọ̀. Mo fi èyí ránṣẹ́ sí i. USER: orúkọ tí wọ́n fi wọlé. TTY: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà. FROM: ibi tí wọ́n ti wá. LOGIN@: ìgbà tí wọ́n wọlé. IDLE: ó tó ìgbà wo tí wọ́n ti tẹ nǹkan kẹ́yìn. WHAT: ohun tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí "wọ́n" tí mo lò jálẹ̀. N kì í ṣe bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni. N kò mọ̀ bóyá ẹnì kan ni tàbí mẹ́rin ni.

Ó fèsì lálẹ́ ọjọ́ náà. "Prof, ẹ ṣé gan-an sà. Ṣùgbọ́n òpó USER ò gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ o. Tí n bá kọ tiyín síbẹ̀, 'Orúkọ tí' ló máa kù." Mo ní kó lọ ka ìwé ìlànà w dé ìsàlẹ̀. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PROCPS_USERLEN. Mẹ́jọ ni wọ́n fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè fi tó méjìlélọ́gbọ̀n sí i.